Ìwé Dókítà Treloar Tí Ń Dín Kù

Wọ́n ní ó dìde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ní Brisbane, lójú irinwó onímọ̀ ìṣègùn, ó sì pe òǹkọ̀wé kan ní òpùrọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin dókítà kan ló ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle lọ́jọ́ náà nípa jẹjẹrẹ awọ ara. Ó ka ibì kan jáde nínú ìwé ìwádìí àtijọ́ kan, pé àmì dúdú tí kò bá tíì tó èékánná ní fífẹ̀, kí èèyàn má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí rẹ̀. Ni Dókítà Alwyn Treloar bá fò sókè.

"Irọ́ nìyẹn! Ta ló kọ irú ìsọkúsọ bẹ́ẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó tún un wò. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin ni."

"Mo mọ̀," ni Treloar wí. "Mo mọ ọkùnrin náà dáadáa. Ẹ má gbà á gbọ́."

Noelene Kruger, akọ̀wé rẹ̀, gba ìdajì ìtàn yìí gbọ́, ó fi ìdajì yòókù sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹni mẹ́ta ló ti ibẹ̀ dé wá sọ ọ́ fún un, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì gbà sọ ọ́. Èkíní ní orí àga ló gùn. Èkejì ní kò wọ bàtà. Ẹ̀kẹta ní ó tẹ̀ lé ọmọbìnrin náà jáde, ó tọrọ àforíjì, ó sì ra tíì fún un. Ti àìwọ bàtà yẹn ni Noelene gbà gbọ́ jù, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Dókítà fi ń dán ìpara wò. Nígbà tí ìtàn náà kò yé e mọ́ rárá, ó lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an.

"Dókítà, ṣé òótọ́ lohun tí wọ́n ń sọ yìí?"

"Irọ́ ńlá ni," ni Treloar dáhùn, inú sì bí i. "Àwọn èèyàn inú gbọ̀ngàn yẹn kò ju ọ̀ọ́dúnrún lọ."

Treloar ti di olóògbé báyìí. Ọdún méjìlélógún ni Noelene fi bá a ṣiṣẹ́ ní Townsville, ní yàrá kékeré kan tí òórùn oògùn apakòkòrò àti ti máńgòrò gbígbó ń bá ara wọn jà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọdún kan tí orí rẹ̀ kò dàrú. Iṣẹ́ ìwádìí dà bí oko iṣu. Ohun tí gbogbo ayé ń retí ni pé kí ebè máa pọ̀ sí i. Lọ́dọọdún ni àwọn dókítà yòókù ń mú àkọsílẹ̀ ìwé tí wọ́n ti kọ wá, lọ́dọọdún ló sì ń gùn, tí wọ́n á máa fi han ara wọn bí ìyàwó tó ń fi ọmọ tuntun hàn. Ti Treloar nìkan ló ń kúrú.

Ọdún tí Noelene kọ́kọ́ dé, ìwé méjìléláàádọ́ta ló tẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ìdajì wọn jẹ́ ti ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ìdajì yòókù jẹ́ ti èélá, làpálàpá àti oríṣiríṣi ohun tí oòrùn Queensland ń ṣe fún awọ aláwọ̀ funfun. Nígbà tí ọdún yípo, Treloar dá àkọsílẹ̀ náà padà fún un, bíírò pupa ti la mẹ́rin kọjá. Noelene rò pé òun ló ṣì í tẹ̀.

"Dókítà, àwọn mẹ́rin yìí ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú."

"Ìwé ló kú? Ta ló pa wọ́n?"

"Èmi ni."

Kì í ṣe àwàdà. Bí Treloar bá ti rí i pé ohun tí òun kọ nígbà kan kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, á kọ lẹ́tà sí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde, á ní kí wọ́n bá òun kéde pé òun ṣìnà, á sì fi bíírò pupa yọ ọ́ kúrò. Ó ní páálí bàtà kan lábẹ́ tábìlì tó kọ "Itẹ́ òkú" sí lára. Gbogbo ìwé tó bá pa, ibẹ̀ ló ń sin ín sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọjọ́ tó kú, àti ohun tó pa á. Noelene yọjú wò ó lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá kò sí nílé. Ohun tó pa èyí: àwọn aláìsàn mẹ́sàn-án kò tó. Ohun tó pa tọ̀hún: mo kánjú. Ó rí ọ̀kan nísàlẹ̀ pátápátá tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí lórí: ìgbéraga. Ó rọra dé páálí náà padà bí ẹni tó ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó bá pásítọ̀ níbi tó ti ń sunkún.

Ìgbà kan wà tí òkú kan dìde. Treloar ti pa ìwé kan lórí ìtọ́jú èélá àwọn ọmọ ọwọ́. Ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, ó rí i pé pípa tí òun pa á gan-an ni àṣìṣe, ó sì ní kí Noelene dá a padà sínú àkọsílẹ̀. Noelene wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni.

"Dókítà, ọjọ́ wo lẹ sin ín?"

"Ọjọ́ Jímọ̀. Kí ló dé?"

"Kò sí o," ni Noelene wí. Ó tẹ̀ ẹ́ padà, ó sì kọ orin ìyìn sínú títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ẹ má rò pé orí ìwé nìkan ni wàhálà rẹ̀ mọ. Nígbà tí Janelle, àbíkẹ́yìn Noelene, ń ṣègbéyàwó, Treloar jókòó sí ìlà kejì pẹ̀lú táì kan ṣoṣo tó ní láyé. Pásítọ̀ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n so àwọn méjèèjì yìí pọ̀. Treloar na ọwọ́ sókè. Gbogbo ìjọ yíjú padà. Ìyá ọkọ ìyàwó di ọwọ́ àga mú.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó," ni Treloar wí, "ẹ máa bá a lọ. Ẹ̀gbẹ́ imú ọkọ ìyàwó lápá ọ̀tún ni. Darryl, nǹkan wínníwínní tó ń dán yẹn, ó ti tó ìgbà wo tó ti wà níbẹ̀?"

"Bí… bí oṣù mẹ́fà, Dókítà."

"Ọjọ́ Ajé. Agogo mẹ́jọ. Lọ fẹ́ ìyàwó rẹ."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Noelene kò fi bá a sọ ju "Ẹ káàárọ̀" lọ. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé pé jẹjẹrẹ ni, èyí tí kì í tètè pani ṣùgbọ́n tí ìbá jẹ imú ọmọkùnrin náà dé egungun, ó yan kéèkì àgbọn kan wá síbi iṣẹ́, ó sì gbé e ka tábìlì ọ̀gá rẹ̀. Treloar jẹ ẹ́ tán. Ó ní ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù.

Ohun kan wà tí Noelene kò lè fi ṣeré, ìyẹn ni ọkọ̀ ìwòsàn ọjọ́ Jímọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Treloar ń wa ọkọ̀ náà lọ sí Ingham, láàárín àwọn àgbẹ̀ ìrèké, tí á máa bọ́ ẹ̀wù èèyàn, tí á máa wo ẹ̀yìn wọn. Kev, ọkọ Noelene, ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ìrèké ló ń wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àmì dúdú tó pa á wà, níbi tí èèyàn kò ti lè fojú ara rẹ̀ rí i, kò sì sí dókítà kankan tó ń yọjú sí Ingham láyé ìgbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni Kev nígbà tí wọ́n sin ín. Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà dé pé ìgbìmọ̀ tó ń fún wọn lówó ń bọ̀ láti wò ó bóyá wọ́n á ṣì máa ná owó sórí ọkọ̀ náà fún ọdún mẹ́ta mìíràn, àti pé dókítà tí wọ́n bá máa fi sí i lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ní ogójì ìwé ìwádìí, kò gbọ́dọ̀ dín, Noelene jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mọ́kànlélógójì ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Treloar pa ọ̀kan tó kọ nípa ọṣẹ. Ogójì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fay Whitcombe, olórí ẹ̀ka wọn, fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá.

"Noelene, gba bíírò pupa yẹn lọ́wọ́ rẹ̀."

"Mo ti gbà á láti àná, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ti lọ ra òmíràn."

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kan péré kí ìgbìmọ̀ dé, Nino Torrisi wọlé. Àgbẹ̀ ìrèké láti Ingham ni, tí Treloar ti gé ìdajì etí ọ̀tún rẹ̀ kúrò nígbà kan nítorí jẹjẹrẹ, tí wọ́n sì ti di ọ̀rẹ́ láti ìgbà náà. Ìbẹ́pẹ mẹ́rin ló gbé wá. Inú Treloar dùn lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé ìwé rẹ̀ tó lókìkí jù lọ jáde, èyí tí wọ́n ń tọ́ka sí káàkiri ayé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé rẹ̀ fún Torrisi, nítorí pé Torrisi wà lára àwọn ọgọ́ta àgbẹ̀ tí wọ́n fi ṣe é.

"Ṣé o rántí? Ọdún méjì lẹ fi ń fi ìpara mi tó ń dènà oòrùn pa apá òsì láràárọ̀. Ẹ kò fi nǹkan kan pa ti ọ̀tún. Nígbà tí a kà á, àmì oòrùn orí apá ọ̀tún fi ìlọ́po méjì ju ti òsì lọ! Ìpara ló ṣe é."

"Èé ṣe tó fi jẹ́ apá òsì?" ni Torrisi bi í.

"Gbogbo yín ni ẹ ń lo ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún ló rọrùn láti fi pa apá òsì."

Torrisi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi gbé ìbẹ́pẹ tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

"Alwyn, ọ̀rẹ́ mi. Tí mo bá ń wakọ̀, apá wo ló máa ń wà lójú fèrèsé?"

Treloar gbójú kúrò lára ìwé náà.

"Ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí nílẹ̀ yìí, àbí ìlú òyìnbó mìíràn lo ti wá? Láti ilé dé oko, láti oko dé ilé ọtí, apá ọ̀tún wà níta, oòrùn ń sè é. Òsì wà lórí ẹsẹ̀ mi bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ká ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ lo ní ká fi pa á, òun náà ni ìbá borí!"

Treloar dìde. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ ara rẹ̀. Noelene wò ó láti ojú fèrèsé: ó jókòó sídìí ọkọ̀, kò ṣáná sí i, ó gbé apá ọ̀tún sójú fèrèsé, ó wò ó, ó gbé e wọlé, ó tún gbé e síta. Nígbà tó padà wọlé, ó ti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ méjèèjì sókè. Ti òsì ń dán bíi ti ọmọ ìkókó. Ti ọ̀tún rí tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù.

"Ọdún mọ́kànlá," ló wí. "Ọdún mọ́kànlá ni ìwé yìí ti ń rìn kiri ayé, Noelene, fèrèsé ọkọ̀ ni mo sì ń wọ̀n."

Noelene ti mọ ohun tó ń bọ̀. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Ìgbìmọ̀ ń bọ̀ lọ́la. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé."

"Òkú kì í dúró de ọjọ́ Ajé."

"Ó ti kú fún ọdún mọ́kànlá, kò rùn sí ẹnikẹ́ni! Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ní kí ẹ fi kún un!"

"Bíírò mi dà?"

Ó sì yọ ọ́. Mọ́kàndínlógójì. Torrisi, tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ fún, ń wo ojú Noelene, ó ń wo ti Treloar, ó béèrè bóyá òun ti sọ ohun tí kò dáa. Noelene ní rárá, ẹ ṣeun fún ìbẹ́pẹ. Ó wọ inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gbàdúrà lórí ìdúró. "Olúwa, mi ò ní kí O jẹ́ kó purọ́ o. Ṣáà bá mi dí i lẹ́nu. Wákàtí kan péré ni mo tọrọ."

Èèyàn mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà kan láti Adelaide, Ọ̀jọ̀gbọ́n Edith Marchbank, ni olórí wọn. Ó fi awò ojú sí imú, ó ṣí ìwé níwájú rẹ̀, ó sì béèrè ìbéèrè tó rọrùn jù lọ láyé.

"Ìwé mélòó ni Dókítà Treloar ní?"

"Ogójì," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Whitcombe wí.

"Mọ́kàndínlógójì," ni Treloar wí.

"Ohun tó wà níwájú mi níbí," ni Marchbank wí, "ni mọ́kànlélógójì."

"Ti ọjọ́ Ajé nìyẹn," ni Treloar wí.

Ọkùnrin tó jókòó lápá òsì Marchbank béèrè bóyá ọ̀gbẹ́ni yìí ń ta àwọn ìwé náà ni. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á, ó dé mẹ́tàdínlógójì, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Whitcombe ń fi ẹsẹ̀ tẹ Treloar lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Treloar bi í léèrè lóhùn òkè, kí gbogbo ayé gbọ́, pé kí ló dé tó ń tẹ òun.

Marchbank bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó yíjú sí Noelene tó wà nídìí ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwo bísíkíìtì. "Màmá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń tẹ̀ ẹ́. Mélòó ni?"

Noelene rí ẹ̀yìn Kev lójú ọkàn rẹ̀. Ó rí àwọn èèyàn tó ti tò sórí bẹ́ǹṣì ní Ingham láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ogójì kò ṣòro láti pè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, Whitcombe sì ti pè é ṣáájú, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ní ju ìdajì lọ. Ó gbé àwo sílẹ̀.

"Méjìléláàádọ́ta ló kọ, mà," ló wí. "Mọ́kàndínlógójì ló fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Àwọn yòókù wà nínú páálí bàtà, mo lè lọ gbé e wá."

"Lọ gbé e wá."

Ó gbé e wá. Marchbank ka Itẹ́ òkú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin apá ọ̀tún ṣì ń fi ìka kà. Nígbà tí ìyá náà dé ìwé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dé páálí náà.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ka àkọsílẹ̀ àwọn dókítà," ló wí. "Mi ò tíì rí èyí tó ń sin òkú ara rẹ̀. Ẹ gbàgbé ogójì. Ọdún mẹ́ta. Ẹ máa wa ọkọ̀ yín lọ."

Noelene ti ń sọ "Ọlọ́run, mo dúpẹ́" nínú lọ́hùn-ún nígbà tó gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀.

"Kí ni ìdí?"

"Ẹ jọ̀ọ́?" ni Marchbank wí.

"Ìdí tí ẹ fi fún wa. Kí ni?"

"Alwyn, jókòó," ni Whitcombe wí.

"Nítorí pé ẹni tó ń sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀," ni Marchbank wí, "èèyàn lè fi aláìsàn sí i lọ́wọ́."

"Ẹ̀rí dà? Mo mọ òpùrọ́ méjì ní Brisbane tí ọwọ́ wọn dáa nídìí iṣẹ́ abẹ ju tèmi lọ. Páálí bàtà kan, èèyàn kan, ẹ sì ti dájọ́! Èèyàn kan kò tó! Ẹ bá mi wá ọgọ́ta dókítà, ọgbọ̀n olóòótọ́, ọgbọ̀n òpùrọ́…"

"Dókítà Treloar, mo ti fún yín!"

"Kò yẹ kí ẹ fún mi lórí irú ẹ̀rí yẹn!"

"Dókítà," ni Noelene wí, "ẹ fi Ọlọ́run bẹ̀ wá, ẹ sọ pé ẹ ṣeun."

Treloar wo aago ara ògiri. Ó ti kọjá agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀, Ingham kì í sì í ṣe ìtòsí. Ó ṣí akẹtẹ̀ kúrò lára ìṣó, ó dé e, ó gbé àpò oògùn sí abíyá.

"Ọdún méjì," ló wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ohun tí ẹ̀rí yín lè gbé nìyẹn."

"Mẹ́ta ni mo wí!" Marchbank ti dìde dúró, ẹ̀rín àti ìbínú ń jà lójú rẹ̀.

"Méjì!"

"Mẹ́ta, baba alágídí!"

Ó ti jáde. Wọ́n ń gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn àti ohùn rẹ̀ tó ń bá ògiri jiyàn, pé òun kò tíì parí ọ̀rọ̀ òun, pé kí wọ́n fi àga òun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun ń padà bọ̀. Noelene, tó ti ń bẹ Ọlọ́run láti àná pé kó bá òun dí ọkùnrin yìí lẹ́nu, rí i pé òun ti sún mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, òun ti dẹ etí, kí òun lè gbọ́ èyí tó kù.